Ẹ Má Fo Àárín Ìtàn Náà

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn ẹbí aláìsàn, àwọn alábòójútó àti ará ìlú, ní Abẹ́òkúta

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, ẹsẹ̀ ò ní dùn yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún aládùúgbò pé ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ̀ ń lọ, kó má bàa mọ̀ pé ibí lẹ̀ ń bọ̀, mo rí yín, ẹ̀yin ni mo sì kí jù.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀ ni mo tọ́jú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ ìtàn àwọn tó là á já: ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tó tún bọ̀ sípò, ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró dè mọ́lẹ̀ tó já ìdè, ẹni tí ìjàǹbá sọ di àkàndá ẹ̀dá tó tún ń ṣiṣẹ́ jẹun, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó tún ń jáde láàárín ènìyàn. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìtàn kankan, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò níwájú yín.

Ẹjọ́ mi ni pé a ò mọ ìtàn àlàjá sọ.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ọjọ́ ìsinmi, ẹnìkan á dìde láti jẹ́rìí. Á ní, "Lọ́dún tó kọjá, orí mi dàrú, wọ́n gbé mi lọ, wọ́n gbé mi bọ̀. Lónìí, ẹ wò mí! Ẹ bá mi yin Olúwa!" Ìjọ á pariwo, ìlù á dún, gbogbo wa á jó. Èmi náà máa ń jó, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra láti ọjọ́ Ajé. Kí ni ìyá yẹn rí mú lọ sílé nínú ẹ̀rí yẹn? Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ ìparí. Ta ló gbé e lọ? Ibo ni wọ́n gbé e lọ? Ta ló sanwó? Nígbà tó kọ̀ tí kò gbé oògùn mì, kí ni wọ́n ṣe? Nígbà tí àìsàn náà tún padà wá ńkọ́? Àárín yẹn gan-an ni ìyá yẹn wà. Àárín yẹn náà ni a fò.

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ẹ má fo àárín ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé wa bẹ̀rẹ̀

Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tí kò mọ Àró, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀. Bí ọmọ Ẹ̀gbá bá dé òkèèrè tó sọ ibi tó ti wá, aláwàdà kan á bi í pé, "Àbí Àró lo ti ń bọ̀?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fi bú wa ni.

Ní 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Yábà, ní Èkó. Ilé ìtìmọ́lé ló jẹ́ nígbà náà ju ilé ìwòsàn lọ. Ní 1944, wọ́n ṣí ti Lántòrò níbí, nítorí àwọn ọmọ ogun wa tó ń ti ojú ogun àgbáyé dé tí ọpọlọ wọn ti dàrú. Lẹ́yìn náà ni Àró dé, ẹni tí wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀ ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí ìlú yìí, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham tó sì padà wálé. Ilé ìwòsàn náà ò tíì parí nígbà náà, bẹ́ẹ̀dì tí wọn yóò tẹ́ aláìsàn sí kò tíì sí. Kí ni ẹlòmíràn ì bá ṣe? Ì bá kọ lẹ́tà sí ìjọba, kó jókòó máa retí èsì. Lambo gba inú abúlé lọ.

Abúlé mẹ́rin wà láyìíká ibẹ̀. Lambo bá àwọn ará abúlé sọ ọ́, wọ́n gbà láti fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà níbẹ̀, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí: aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o. Ẹni yẹn ni yóò máa se oúnjẹ, òun ni yóò máa fọ aṣọ, òun ni yóò mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, òun náà ni yóò mú un padà. Ìyókù ọjọ́, aláìsàn wà láàárín abúlé. Bí wọ́n bá ń lọ sóko, ó lè bá wọn lọ. Bí wọ́n bá ń ṣọdún, ó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sá fún un, nítorí ará ilé ti mọ̀ ọ́n lójú.

Lambo kò pa oògùn òyìnbó tì o. Abẹ́rẹ́ wà, hóró oògùn wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi iná díẹ̀ sí ọpọlọ aláìsàn náà wà. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó bá wọn ṣiṣẹ́ láìtijú. Ẹ mọ asofẹ́yẹjẹ? Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú orí tó gbóná wálẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ní àwọn ọdún 1950 síwájú, èròjà yẹn kan náà ni àwọn dókítà ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ kárí ayé. Ẹ má wá tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ wa gbòǹgbò lẹ́yìnkùlé o! Ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ á fi pa ènìyàn.

Ayé gbọ́. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta yìí. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Kí ló dé tí mo fi mú un wá síbí? Nítorí pé bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn aláìsàn abúlé yẹn bá fẹ́ jẹ́rìí, kò sí bó ṣe lè fo àárín. Báwo ló ṣe fẹ́ fò ó? Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀! Ìyá tó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń gbé yàrá háyà ní abúlé tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Onílé tó fún wọn ní yàrá wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, orúkọ ènìyàn ló máa kún inú rẹ̀.

Oògùn tí kò tètè jẹ́

Tíṣà kan wà tí mo tọ́jú. Mi ò ní sọ ìlú rẹ̀. Obìnrin tó máa ń jí ṣáájú àkùkọ ni, tó jẹ́ pé kí àwọn ọmọ tó dé kíláàsì, ó ti kọ iṣẹ́ sójú pátákó. Ó di ọjọ́ kan, kò lè dìde wẹ̀. Kì í sunkún o. Ẹ̀yin ń rò pé ẹni tó bá ní ìsoríkọ́ gbọ́dọ̀ máa sunkún. Kò sunkún, ó kàn ń wo ògiri ni. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ń bá a jà. Àwọn ẹbí ọkọ ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kó gbààwẹ̀. Ẹni tí kò jẹun tó ṣe gúnmọ́ láti oṣù tó kọjá, wọ́n tún ní kó gbààwẹ̀!

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, dókítà kọ oògùn fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ìbínú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti gbowó wa lásán. Kò sí nǹkan tó yí padà." Mo ní, ẹ jókòó, sà. Mo fún un lómi. Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà báyìí. Oògùn ìsoríkọ́ yàtọ̀ sí oògùn orí fífọ́. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ṣùgbọ́n inú rírú, ẹnu gbígbẹ, oorun àsùnjù, àwọn yẹn kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, wọ́n ti dé. Ìyà oògùn náà máa ń ṣáájú oore rẹ̀. Ta ló sọ ìyẹn fún yín rí nínú ẹ̀rí? Bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún ọkùnrin yẹn, ṣé yóò bínú wá?

Ara tíṣà yá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń fi "ògo ni fún Ọlọ́run" parí ìtàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn ò tíì parí. Nígbà tó rí i pé ara òun ti le, ó da oògùn sínú sáláńgá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọkọ rẹ̀ kò pè é ní ọ̀lẹ. Ó ti mọ àmì rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé bí ìyàwó òun bá ń fi aṣọ kan náà sùn tó tún fi ń jí, bí kò bá bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n ṣe nílé ìwé, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Kò dúró de ẹbí, kò dúró de wòlíì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Nítorí náà bí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo ni ilé yẹn là á já, èmi ò ní tọ́ka sí ìgbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ padà sí kíláàsì. Ìgbà kejì tó dùbúlẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí. Ojú ti àwọn tó ń jẹ́rìí láti sọ ìgbà kejì yẹn. Wọ́n rò pé ó máa ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́. Ṣé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le, kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ń sọ pé "ó sàn kí n má sí láyé mọ́," ẹ má kàn dáhùn pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," kẹ́ ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbi í kọ́ ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó bi í. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa, abala 327 ní kí wọ́n fi ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹ gbà mí! Ẹni tó wà nínú òkùnkùn, ẹ tún fẹ́ tì í mọ́ inú òkùnkùn míì. Ta ló máa sọ òótọ́ fún dókítà bí ọlọ́pàá bá ń dúró dè é lẹ́nu géètì? Òótọ́ ni pé nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó gba ipò òfin àtijọ́ tó ti wà láti ayé òyìnbó. Ó fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ló kù.

Èèwọ̀ ilé

Mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró. Ìtàn àwọn baba wa ni mo fẹ́ fi wọ̀ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, alàgbà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bọ òrìṣà. Ìtàn wa ni, ẹ jẹ́ kí n lò ó.

Wọ́n ní Olódùmarè rán Ọbàtálá pé kó wá dá ilẹ̀ ayé. Ó rí ẹmu lọ́nà. Ó mu ún, ó mu ún, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹmu di èèwọ̀ Ọbàtálá. Ẹ wò ó dáadáa o. Kì í ṣe òun nìkan ló di èèwọ̀ fún. Ó di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó ń gbé agbè ẹmu síwájú rẹ̀ tó ń ní, "Bàbá, ẹ fara dà á, èyí kì í ṣe tiyín." Gbogbo àwọn tó yí i ká ló bá a pa èèwọ̀ náà mọ́.

Báwo ni àwa ṣe ń ṣe tiwa? Ẹnìkan nínú ilé á ní òun fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. A ó gbàdúrà fún un láàárọ̀. Lálẹ́, a ó ṣí ìgò síwájú rẹ̀ níbi ìkómọ, a ó ní "tìẹ ni kó o mu mínírà". Bó bá wá ṣubú, a ó ní kò ní ìpinnu!

Awakọ̀ kan wà. Parága ló fi ń la ojú ní gáréèjì láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìyàwó rẹ̀ sunkún títí, ó gbà, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní fẹnu kàn án mọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ. Ó sì mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń rí eku lára ògiri níbi tí eku kò sí. Kó tó di òru, gìrì gbé e. Àwọn ará ilé ní ẹ̀mí ọtí ló ń bá a jà. Kì í ṣe ẹ̀mí. Ara tí ọtí líle ti mọ́ lára fún ọdún gbọọrọ, bí wọ́n bá já a gbà lójijì, ọpọlọ á ta gìrì. Ó lè fa wárápá, ó lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu ún, ẹ má ní kó dá a dúró lójijì nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi oògùn gbà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún pásítọ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ fún lèmọ́mù yín.

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọtí kò gbọ́dọ̀ wọ agbo ilé àwọn mọ́, ì báà jẹ́ ìkómọ, ì báà jẹ́ ìsìnkú. Àwọn àlejò ráhùn. Àwọn àna ní irú ìyà wo lèyí. Ó ní ẹni tí kò bá lè mu mínírà kó dúró sílé rẹ̀. Mi ò tíì rí dókítà tó kọ oògùn tó tó ìyẹn.

Ti àwọn ọ̀dọ́ wa ńkọ́? Igbó, tramadol, kòlòrádò, oògùn ikọ́ tó ní kodéènì. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè ṣe pẹ̀lú àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró fi hàn pé bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Wọn ò ka ọtí mọ́ ọn o, wọn ò ka sìgá. Ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ibi tó ti pọ̀ jù. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de kíkó oògùn ikọ́ oníkodéènì wọ̀lú àti ṣíṣe é. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sá fún nǹkan, bí ẹ bá ti ọ̀nà kan mọ́ ọn, ọ̀nà míì ló máa gbà. Ẹ bi í ní ohun tó ń sá fún.

Kò dìde rìn

Gbogbo yín mọ Yínká Ayéfẹ́lẹ́. Ọmọ Ìpotì-Èkìtì ni, iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1997, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe é, ó sì bà á jẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti orí ibùsùn ìṣòro yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ orin tí gbogbo wa ń jó sí lónìí, àwo tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, ìrírí yẹn ló fi kọ ọ́. Lónìí, ó ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ni pé kò dìde rìn. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà títí dòní. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń kọrin, orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń gba owó nínáwó. Ìtàn rẹ̀ ò parí bí àwa ṣe fẹ́ kí ìtàn máa parí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò là á já.

Àmọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí àárín, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́, tí kò mọ ìmọ̀lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ara rẹ̀ kì í sọ fún un pé ó ti pẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ sójú kan. Egbò á bẹ̀rẹ̀ ní ìdí, ní gìgísẹ̀, á jẹ ẹran dé egungun. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ẹnìkan máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Aago méjìlá òru, aago méjì, aago mẹ́rin. Ta ni ẹni yẹn? Kì í ṣe olórin, orúkọ rẹ̀ kì í sí lára àwo. Lọ́pọ̀ ilé, ìyàwó ni, tàbí ọmọbìnrin kan tó yẹ kó wà nílé ìwé. Bí a bá ń sọ ìtàn àkàndá ẹ̀dá tó yege, tí a ò bá dárúkọ ẹni tó ń jí ní aago méjì òru, ìdajì ìtàn la sọ.

Àwọn baba wa ní, "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbà mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi." Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fa ènìyàn dìde lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ìjọ kí kámẹ́rà lè rí wọn. Mo tún fi ránṣẹ́ sí àwa tí a kọ́ gbọ̀ngàn yìí. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti kọjá. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ níwájú níbí yìí, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn gun àtẹ̀gùn wọlé láàárọ̀ yìí. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun bí ẹrù. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún àwọn mẹ́rin tó gbé wọn, kẹ́ ẹ sì ní kí alága ìjọba ìbílẹ̀ wá dáhùn.

Ọ̀fọ̀

Èyí ò ní pẹ́. Bí ọmọ bá kú, kí là ń sọ fún ìyá rẹ̀? "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ tó dára ni, mo mọ̀. Ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí ìyá ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí wàrà ṣì wà lọ́mú. À ń sọ fún un pé kó fo àárín, kó bọ́ sórí oyún tó kàn.

Mo mọ ìyá kan tí wọ́n kó gbogbo aṣọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé kó tó ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ní kó má bàa rántí. Ta ló sọ fún wọn pé aṣọ ló ń rán ìyá létí? Fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé náà. Ìyá náà ò sùn, àyà rẹ̀ ń já, wọ́n ṣe gbogbo àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tú u sílẹ̀. Ìyá àgbà yẹn jókòó lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí, wọ́n kàn ní, "Bí lágbájá bá wà ni, ìwé mẹ́fà ni ì bá wà báyìí." Wọ́n dárúkọ ọmọ náà ní tààrà. Obìnrin náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò ní "ó tó", wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà. Kò gbàgbé. Ojú àpá ò lè jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n oorun padà dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé wọn wá

Mo ti ń rí alága bó ṣe ń wo aago. Ẹ fún mi ní díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ̀yin ni mo fi sí ìparí nítorí ẹ̀yin lẹ kì í sọ tiyín. Wọ́n á bi yín pé "aláìsàn ńkọ́?", ẹ̀yin á ní "adúpẹ́". Kò sẹ́ni tó ń bi yín pé ẹ̀yin ńkọ́. Mo ti rí ìyàwó tó mú ọkọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ olóṣooṣù, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ìfúnpá rẹ̀ ga jù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń ṣọ́ aláìsàn lóru gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án. Ẹ pín in. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ mẹ́rin tí ìyá kan ṣoṣo bí, kò yẹ kó jẹ́ èyí tó kéré jù, tí kò tíì rọ́kọ, ni yóò máa dá gbé gbogbo rẹ̀. Mo mọ àwọn ẹbí tó ṣe báyìí: ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó oògùn ránṣẹ́, ẹni tó wà ní Èkó ń wá lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tó wà nílé ń sùn lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá rò pé owó ti tán iṣẹ́, ẹ pè é lórí fóònù lóru, kó gbọ́ bí bàbá ṣe ń pariwo.

Lọ́jọ́ tí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú bá fẹ́ jẹ́rìí, ẹ bá a jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dìde. Orúkọ oògùn, kó wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó yá yín lówó. Iye ìgbà tó tún padà. Bí ìjọ bá ní ó ti gùn jù, ẹ ní kí wọ́n dín ìlù kù.

Nọ́ọ̀sì méjì wà nídìí tábìlì tó wà ní ọwọ́ òsì yín, wọn ò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá mú oògùn yín dání, ẹ gbé e lọ bá wọn, wọ́n á ṣàlàyé bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa lò ó, àti ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ lò pọ̀ mọ́ ọn. Ó tó, mo jókòó. Ìbéèrè ló kù. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá tó ró aṣọ òkè aláwọ̀ ewé lẹ́yìn yẹn kọ́kọ́ bèèrè tiwọn, ọwọ́ wọn ti wà lókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ ti tíṣà.